Sátẹ́láìtì Kò Ríran Dénú Ilé: Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Bá Wa Tún Ìmọ̀ràn Yẹn Ṣe

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bí ìwé ìròyìn yín bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ tẹ̀ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá fi dùn mí débi pé mo gbé bíírò. Ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ náà ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè ya àwòrán yíká nínú ilé, ìyẹn àwòrán tí ẹni tó ń wò ó lè yíjú sọ́tùn-ún, sósì, sókè àti sílẹ̀ bí ẹni tó dúró láàárín yàrá. Ó ṣàlàyé kámẹ́rà dáadáa. Ó ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Àmọ́ nígbà tó dórí bí àwòrán kọ̀ọ̀kan yóò ṣe mọ àyè rẹ̀ lórí máàpù, ohun tó sọ kò ju pé kí èèyàn ṣáà tan GPS fóònù rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí fóònù wà, yóò gbé gbogbo ẹ̀ síbi tó yẹ.

Kò ní í gbé e síbi tó yẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀, torí wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Àwòrán inú ilé ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun, ọdún kẹsàn-án rèé. Ilé-ìkàwé, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, gbọ̀ngàn ìpàdé, irú ilé tí àlejò máa ń sọnù sí, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pè mí sí. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ilé-ìkàwé alájà mẹ́ta kan lé mi lọ́wọ́. Àwòrán 64 ni mo yà níbẹ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Fóònù mi ló ń darí kámẹ́rà, òun náà ló sì ń kọ nọ́ḿbà ibi tí mo dúró sí mọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kó gbogbo ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gba owó iṣẹ́ mi, mo lọ sílé.

Ọ̀kan lára àwọn àwòrán yẹn jẹ́ ti ẹnu ọ̀nà kan tó wà lápá ìlà-oòrùn ilé náà. Ẹnu ọ̀nà yìí nìkan ni kò ní àtẹ̀gùn. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ṣe síbẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Inú ilé ni mo dúró sí nígbà tí mo yà á, ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ níwájú mi. Fóònù mi kọ ọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo wá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, mítà 37 ló fi jìn sí ibi tó wà gan-an.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ń ti ìyá rẹ̀ bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó ti wo àwòrán mi kó tó kúrò nílé, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀ pé ọ̀nà wà. Ó tẹ̀lé máàpù. Ó ti ìyá rẹ̀ yí ilé náà ká lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí dé ẹ̀yìnkùlé, ògiri ló bá níbẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé, ògiri gbọọrọ. Bó ṣe tì í dé ibẹ̀ náà ló ṣe ní láti tì í padà. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kan ló pè mí lórí fóònù, ó ní kí n wá fojú ara mi rí i, mo sì lọ. Ipa táyà kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà nínú òkúta wẹ́wẹ́, ìlà méjì tó wọlẹ̀, tó tún wá jìn jù níbi tó ti yí kẹ̀kẹ́ náà padà. Mo dúró síbẹ̀, mo ṣí fóònù mi, mo rí àwòrán tí èmi fúnra mi yà tó ń fi ilẹ̀kùn hàn mí níbi tí ògiri wà. Títí di òní, bí mo bá ti rí òkúta wẹ́wẹ́, ìlà méjì yẹn ni mo máa ń rántí.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀: mo tẹ́ gbogbo àwòrán 64 náà sórí máàpù lẹ́ẹ̀kan náà. 11 bọ́ sójú títì. 6 wà nínú ọgbà ilé kejì. 19 kó jọ sójú kan ṣoṣo bí òkúta tí wọ́n dà sílẹ̀; ibẹ̀ ni fóònù ti ṣìnà, tó wá ń kọ ibi tó mọ̀ kẹ́yìn mọ́ gbogbo àwòrán tó tẹ̀lé e. Àwọn tó kù wà lórí ilé náà lóòótọ́, àmọ́ kò sí èyí tó wà nínú yàrá tirẹ̀. Yàrá àwọn ọmọdé tó wà nísàlẹ̀ àti yàrá ìwé ìròyìn àtijọ́ tó wà lájà kẹta gorí ara wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni bí ohùn sátẹ́láìtì ti ń lọ sílẹ̀ tó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ń yí ayé po ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà lókè. Kí ìgbì wọn tó kanlẹ̀, ó ti rẹlẹ̀ débi pé ariwo inú ẹ̀rọ fóònù gan-an bò ó mọ́lẹ̀. Àmì tí fóònù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi ń ṣà á jáde nínú ariwo náà. Sátẹ́láìtì 4, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ gbọ́. Mẹ́ta kò tó, nítorí pé aago inú fóònù kò péye, ìkẹrin ló ń bá a tún aago náà ṣe. Àkókò tí ìgbì fi rìn ni fóònù ń wọ̀n, ìgbì yìí sì ń sáré bí ìmọ́lẹ̀, nǹkan bíi 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Bí ìwọ̀n bá fi ìdá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ yẹ̀, mítà 300 ti lọ nìyẹn.

Irú ohùn tó rẹlẹ̀ báyìí la ní kó gba inú kọnkéré, irin àti òrùlé páànù kọjá. Gíláàsì pàápàá, àwọn kan wà tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn láti dá ooru dúró, ó sì ń dá ìgbì náà dúró. Èyí tó bá ráyè wọlé, ojú fèrèsé ló gbà, tàbí kó jẹ́ pé ilé òdìkejì ló kọ́kọ́ lù kó tó ta padà wá. Fóònù kò mọ̀ pé ó ta padà. Ohun tó mọ̀ ni pé ìgbì náà pẹ́ kó tó dé, ló bá gbà pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn àwòrán tí mo yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fi sá bọ́ sójú títì, tí àwọn ti àárín ilé sì kó jọ sójú kan. Àwọn kan sọ fún mi pé fóònù ìsinsìnyí ń gbọ́ ti GLONASS tó jẹ́ ti Rọ́ṣíà, Galileo tó jẹ́ ti Yúróòpù àti BeiDou tó jẹ́ ti Ṣáínà pẹ̀lú. Òótọ́ ni. Ògiri kan náà ni gbogbo wọn ń bá pàdé.

Ká tiẹ̀ ní fóònù gbọ́ wọn yékéyéké. Ní gbangba, lábẹ́ ọ̀run tó ṣí sílẹ̀, fóònù sábà máa ń mọ ibi tó wà dé nǹkan bíi mítà 5. Lójú títì, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan, títì kan náà ni. Nínú ilé, mítà 5 ti gbé èèyàn gba inú ògiri kọjá sí yàrá mìíràn. Ẹ wá wo nọ́ḿbà náà fúnra rẹ̀, nítorí òun ló tàn mí jẹ jù. Dígírì ni fóònù fi ń kọ ibi tó wà, ó sì máa ń kọ nọ́ḿbà mẹ́fà sẹ́yìn àmì ìdá. Dígírì kan láti gúúsù sí àríwá jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 111, nítorí náà nọ́ḿbà kẹfà yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11. Ta ni yóò rí nọ́ḿbà tó ń sọ̀rọ̀ sẹ̀ǹtímítà 11 tí kò ní gbà á gbọ́? Mo gbà á gbọ́, mítà 37 ló sì fi ṣì mí lọ́nà.

Kọ́ńpáàsì inú fóònù kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán yíká kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn dúró sí nìkan, ó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi tó kọjú sí. Mo gbé fóònù mi sórí sítáǹdì níwájú lífítì ilé-ìkàwé náà, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tí lífítì gòkè, ọfà àríwá yí ní nǹkan bíi dígírì 40. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ọfà náà yí padà, kò sì dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Irin tó wà nínú òpó kọnkéré ń ṣe é bẹ́ẹ̀, pẹpẹ ìwé onírin náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ìdojúkọ bá ti yí, ẹni tó tẹ ọfà inú àwòrán pé òun ń lọ síwájú yóò rí ara rẹ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá mi ló yọ mí nínú ọ̀ràn yìí. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo rò fún wọn bó ṣe ṣẹlẹ̀, wọn ò tilẹ̀ bi mí ní ohunkóhun nípa fóònù. Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi mí: “Ibo lo ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé o padà síbẹ̀?” Mi ò lè dáhùn. Wọ́n wá fi ìka yàwòrán rẹ̀ fún mi lórí tábìlì. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan tó dá lójú, á wọn ọ̀nà àti igun dé ojú kejì, dé ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí tí yóò fi padà sí ojú àkọ́kọ́. Bí nọ́ḿbà tó bá padà wá kò bá bá èyí tó fi jáde lọ mu, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni àṣìṣe rẹ̀. Á wá pín in kárí gbogbo ojú tó gbà kọjá. Bí kò bá padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò lè mọ iye tó fi ṣìnà láéláé.

Ẹnu yà mí nígbà tí mo wá kà pé bákan náà ni àwọn onímọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì ń ṣe é. Wọ́n ń pè é ní SLAM: ẹ̀rọ ń ya máàpù ibi tó wà, ó sì ń fi máàpù kan náà mọ ibi tó dé lórí rẹ̀. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àṣìṣe kékeré, àṣìṣe náà ń gorí ara wọn, àfi ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá rí ibi tó ti rí rí, tó dá a mọ̀, tó sì fa gbogbo ọ̀nà tó ti rìn padà sí àyè rẹ̀. Street View, àwòrán yíká tí Google bẹ̀rẹ̀ lójú títì ní 2007, nígbà tó fi máa wọ inú ilé ọnà 17 ní 2011, kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì tó ní ìtànṣán láser tó ń wọn ọ̀nà sí ògiri àti ẹ̀rọ tó ń ka ìrìn ni wọ́n tì wọlé. Ní 2016, ilé iṣẹ́ kan náà gbé Cartographer, ètò SLAM wọn, síta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Àwọn tó ní owó àti ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ kò gbára lé sátẹ́láìtì nínú ilé. Kí ló wá dé tí a ó fi sọ fún ẹni tó ní fóònù kan ṣoṣo pé kó gbára lé e?

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí, ó fẹ́ sùúrù ju owó lọ. Mo máa ń béèrè pílánì ilé. Bí wọn ò bá ní in, mo máa ń fi tépù yà á fúnra mi; bí wọ́n bá ní in, mo ṣì máa ń wọn yàrá mẹ́ta yẹ̀ ẹ́ wò, torí mo ti bá ògiri tí wọ́n ti wó tí kò kúrò lórí ìwé. Lẹ́yìn náà, mo máa ń wá ojú méjì níta, lábẹ́ ọ̀run tó ṣí, tí wọ́n jìnnà síra wọn: igun ilé méjì tó hàn kedere nínú àwòrán tí wọ́n yà láti òkè lórí máàpù ló dára jù. Ojú kan kò tó. Ẹ wo ìwé tí a fi ìṣó kan kàn mọ́ ògiri, yóò máa yí lórí ìṣó náà. Ìṣó kejì ló ń dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni pílánì rí lórí máàpù, ìṣó kejì yìí ló tún ń sọ bí ó ṣe yẹ kó tóbi tó. Ibi méjì yìí nìkan ni mo ti ń jẹ́ kí ohun tó ti òkè wá bá mi dá sí i.

Nínú ilé, ṣọ́ọ̀kì ni. Mo máa ń sàmì sílẹ̀ níbi tí sítáǹdì yóò dúró, mo sì ń wọ̀n ọ́n láti ara ògiri méjì. Ojú ewé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi kà báyìí: “Àjà 2, ojú 17. Ògiri àríwá 2.40. Ògiri ìlà-oòrùn 3.15. Lẹ́ńsì iwájú kọjú sí àríwá pílánì. Àwòrán 0932. Iná kan ti kú lókè.” Lẹ́ńsì iwájú kì í kúrò ní ìdojúkọ kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, ògiri ni mo fi ń tọ́ ọ, mi ò bi kọ́ńpáàsì ní nǹkan kan. Àárín ojú kan sí èkejì kì í ju mítà 3 lọ. Ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojú tirẹ̀, kí kámẹ́rà lè rí yàrá tó ń bọ̀ àti èyí tó ń kúrò nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀ nìkan ni mo máa ń yí lẹ́ńsì padà, tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo yí i. Kámẹ́rà tó ní lẹ́ńsì méjì ní ojú ìrán níbi tí àwòrán méjèèjì ti pàdé. Bí férémù ilẹ̀kùn bá bọ́ sójú ìrán yẹn nítòsí, yóò gé sí méjì. Ẹ jẹ́ kí lẹ́ńsì wo inú yàrá méjèèjì tààrà, kí ẹ sì jẹ́ kí ara ògiri gba ojú ìrán náà.

Mo tún fi ohun kan kún un láti ọjọ́ ilé-ìkàwé yẹn. Mítà 1.6 ni mo máa ń gbé kámẹ́rà sí tẹ́lẹ̀, ojú ẹni tó dúró. Ní gbogbo ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ń gbà, mo ń ya èkejì ní mítà 1.2. Lójú ẹni tó jókòó, kàǹtà tí èmi ń wò láti òkè lè bo òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ funfun ló tún fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tèmi jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń so àwòrán pọ̀ máa ń wá ohun tó jọra nínú àwòrán méjì, á fi mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Ní ilé ìwòsàn kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mítà 40 wà níbẹ̀, ògiri rẹ̀ funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ilẹ̀kùn 10 lápá kan, gbogbo wọn bí ìbejì. Ètò náà gba ilẹ̀kùn kẹta pọ̀ mọ́ ìkarùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mítà 40 sì di 32. Bí kì í bá ṣe tépù, mi ò bá má mọ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo tẹ ìwé onígun mẹ́rin dúdú-àti-funfun, irú èyí tí wọ́n ń pè ní AprilTag, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò jọ èkejì, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, mo tún un yà, mo sì ṣí wọn kúrò nígbà tí mo ṣe tán. Mítà 40 ló padà wá.

Àwọn irinṣẹ́ mìíràn wà, mi ò ní fi wọ́n gba àyè yín púpọ̀. Àwọn fóònù kan ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́. Ó ń dín ní nǹkan bíi 0.12 hPa (hPa ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́) bí èèyàn bá gòkè ní mítà kan, nítorí náà àjà kan sí èkejì máa ń hàn, bí ẹ bá ti ń padà kà á nísàlẹ̀ lóòrèkóòrè, torí ojú ọjọ́ náà ń yí i. Wi-Fi RTT, tó ń wọn àkókò tí ìgbì Wi-Fi fi lọ dé rọ́tà tó sì padà, tí ètò fóònù Android 9 gbé wọlé ní 2018, lè mọ ibi tí fóònù wà dé mítà kan sí méjì bí ilé náà bá ní rọ́tà 3 tó ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ilé tí mo ń wọ̀ kò ní ẹyọ kan.

Mo padà sí ilé-ìkàwé náà lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ méjì gbáko ni mo lò. Ojú 71 ni mo sàmì sí lájà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àtẹ̀gùn iwájú ni mo gbà gòkè, mo gba ti ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, kí ọ̀nà mi lè padà sílé. Nígbà tí mo padà dé ojú 1, ètò náà sọ pé sẹ̀ǹtímítà 62 ni mo fi yẹ̀ síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi han bàbá mi. Wọ́n ní ó dára, kí n pín in. Kò tó sẹ̀ǹtímítà kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Kí n tó gbé àwòrán náà jáde, mo nu gbogbo nọ́ḿbà tí fóònù kọ mọ́ wọn kúrò, mo sì fi ti inú ìwé mi rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ḿbà àjà.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ tún gbólóhùn kan yẹn ṣe lójú ewé kan náà tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, kí àtúnṣe náà sì tóbi tó ti tẹ́lẹ̀, kó má kéré. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun ń ka yín, wọ́n á sì ṣe ohun tí ẹ bá sọ. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wa náà pé kí wọ́n máa béèrè ìwé àkọsílẹ̀ ojú ìdúró lọ́wọ́ ayàwòrán kí wọ́n tó sanwó. Ká ní wọ́n béèrè tèmi lọ́jọ́ náà ni, mi ò bá má ní ohun tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n.

Mo ti ya àdàkọ ojú ewé mẹ́rin nínú ìwé mi, mo fi í sínú àpòòwé yìí, bóyá ẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtúnṣe náà. Èyí tó wà lókè pátápátá ni ti ojú 1. Ẹnu ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ apá ìlà-oòrùn yẹn ni.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ayàwòrán inú ilé tó ń ka ìwé ìròyìn yín